Páálí Sìgá Inú Kóòtù Aláago

Ẹni tó bá sọ fún yín pé sìgá kò lẹ́nu, kò tíì gbìyànjú láti jáwọ́ nínú rẹ̀ rí ni. Sìgá lẹ́nu. Ó lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú. Ó mọ ìgbà tí inú ń bí ni, ó mọ ìgbà tí ilé dá, ó sì mọ orúkọ ẹni ju ìyá tó bíni lọ.

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, alágbàfọ̀ ni. Kòsábàwọ́n ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí aṣọ tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, wá àbàwọ́n níbẹ̀ títí ilẹ̀ ó fi ṣú, o kò ní rí. Òun ló ń fọṣọ, ìyàwó rẹ̀ ló ń lọṣọ. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà níwájú, yàrá wọn wà lẹ́yìn, ògiri kan ṣoṣo ló là á láàárín. Wọ́n ti jọ ṣe é títí orí àwọn méjèèjì fi funfun bí aṣọ tí wọ́n ń fọ̀.

Àyà ìyàwó ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Bó bá gbé áyọ́ọ̀nù sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àyà á máa fọn bí fèrè. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

"Ìyá, ẹ̀ ń mu sìgá?"

"Èmi kọ́ o. Olówó orí mi ni."

"Àwọn ló ń fà á, ẹ̀yin lẹ̀ ń gbé e mì." Dókítà yíjú sí ọkọ. "Bàbá, bí ẹ bá fẹ́ kí ìyá yìí pẹ́ lọ́dọ̀ yín, ẹ gbé e jù sílẹ̀. Mi ò ní kí ẹ dín in kù o. Ẹ gbé e jù sílẹ̀."

Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀ wálé, ìyàwó kò jà, kò sì sunkún. Ó kàn dì í lápá mú.

"Bàbá wa, mi ò ní bá yín ṣe aáwọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá tún gbóòórùn rẹ̀ lára yín, ọ̀dọ̀ ọmọ wa ni mò ń lọ gbé. Kì í ṣe ìbínú. Èémí mi ni mo fẹ́ gbé sá lọ."

"O ò ní lọ ibì kankan," ni Kòsábàwọ́n wí. "Láti òní lọ, èmi àti sìgá ti pínyà."

Tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́ o. Ẹ má rò pé òpùrọ́ ni láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ kìíní dùn bí eré. Ó ń kọrin, ó ń fún aṣọ, ó ń fi àwọn tó ń mu sìgá lójú títì ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ kejì ni eré di ìjà.

Ẹ wò ó, bó bá ti sá aṣọ tán, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló máa ń fara tì, kó tan sìgá, kó máa wo bí omi ṣe ń kán tó, tó, tó láti etí aṣọ. Báyìí, omi ń kán, kò sí sìgá. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sí àpò àyà fúnra rẹ̀, bí ewúrẹ́ tó mọ ọ̀nà ilé. Orí ń fọ́ ọ. Ó jágbe mọ́ oníbàárà tó kàn béèrè pé ṣé aṣọ òun ti gbẹ.

Aránbàtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tiwọn yọjú. Òun náà ti fi sìgá sílẹ̀ ní tirẹ̀, ó sì fẹ́ràn kó máa fi ọ̀rọ̀ náà ṣe fáàrí.

"Ẹ̀gbọ́n, ojú yín pọ́n bí ojú ẹni tí ìyàwó tì síta mọ́jú."

"Fi mí sílẹ̀ jàre."

"Ẹ gbọ́ o. Àlejò ni òùngbẹ sìgá. Bó bá dé, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì fún un ní àga. Ẹ mu omi, ẹ mí kanlẹ̀, ẹ wá nǹkan fọwọ́ ṣe. Bí kò bá ríbi jókòó, á lọ."

"Ṣé kò ní padà wá?"

"Á padà wá! Ta ló tàn yín? Ṣùgbọ́n á máa pẹ́ sí i kó tó padà."

"Á pẹ́ tó báwo?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n lọ rán bàtà mi."

Kòsábàwọ́n gbìyànjú. Ó mu omi títí ikùn rẹ̀ fi ń dún bíi garawa tí wọ́n gbé sórí kẹ̀kẹ́. Bí àlejò náà bá ti kan ilẹ̀kùn, á kó aṣọ ìnujú àwọn oníbàárà sínú abọ́, á máa fọ̀ wọ́n. Èyí tó ti mọ́, á tún fọ̀ ọ́.

"Bàbá wa," ni ìyàwó wí tẹ̀rín-tẹ̀rín, "aṣọ ìnujú yìí kò ṣẹ̀ yín o. Ẹ jẹ́ kó sinmi."

Òun ló ń po omi jíńjà gbígbóná fún un. Bí ọwọ́ ọkọ bá ń gbọ̀n, á dì í mú láàárín ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì, á máa wí pé, "Ó ń lọ, ó ń lọ, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ," bí ẹni tó ń rẹ ọmọ tí eyín ń yọ lẹ́kún. Obìnrin tí èémí kò tó fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ ọkọ ní mímí.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò wá kìlọ̀ fún Kòsábàwọ́n ni imú. Imú tí sìgá ti pa láti ọjọ́ pípẹ́, ó jí! Ó ń gbóòórùn ọṣẹ, ó ń gbóòórùn òjò kó tó rọ̀. Àwọn aṣọ àwọn amusìgá tí wọ́n ń kó wá fún fífọ̀ pàápàá, òórùn wọn ń pè é láti inú agbọ̀n. Ìyàwó bá a lọ́jọ́ kan tó ti ojú bọ inú jákẹ́ẹ̀tì oníbàárà, tó ń fà á símú, tó di ojú.

"Háà! Ta ló ni lọ́fínńdà yẹn?"

"Lọ́fínńdà wo? Sìgá ni."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín títí àyà fi gbé e. "Ẹ ò ṣe kúkú fẹ́ obìnrin mìíràn, kí n mọ ẹni tí mò ń bá jà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ó dùn mọ́ mi pé wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òfin ṣọ́ọ̀bù wọn fún yín. Kí aṣọ tó kan omi, wọ́n á tú gbogbo àpò. Ohun tí wọ́n bá bá níbẹ̀, ì báà jẹ́ bọ́tìnnì kan, inú ọ̀rá kékeré ló ń lọ, wọ́n á sì so ó mọ́ hángà aṣọ náà títí olówó rẹ̀ á fi dé. Ìyàwó ló ń tú àpò. Ó ń fi iṣẹ́ náà yangàn ju lílọ aṣọ lọ. "Ẹni tó gbé aṣọ fún wa," á ní, "àṣírí rẹ̀ ló gbé fún wa."

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ó rẹ̀ ẹ́, ó lọ fẹ̀yìn lélẹ̀. Kòsábàwọ́n ló tú àpò jákẹ́ẹ̀tì awakọ̀ takisí kan. Páálí sìgá bọ́ sí i lọ́wọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, láítà wà nínú rẹ̀.

Ó ti mú ọ̀rá. Ó ti ṣí ẹnu ọ̀rá.

"Mo kàn fẹ́ gbóòórùn rẹ̀ ni," ló sọ fún ara rẹ̀.

Ó gbóòórùn rẹ̀.

"Kí n kàn fi sẹ́nu. Mi ò ní tan iná sí i."

Ó fi sẹ́nu. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kó tó mọ̀, ó ti wà ní kọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé, ojú ń ṣe é bàìbàì, èéfín ń jáde nímú rẹ̀. Ó sì dùn. Èmi ò ní purọ́ fún yín, ó dùn ún dé ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀. Ìgbà tó ku àjókù lọ́wọ́ rẹ̀ ni ojú rẹ̀ wálẹ̀.

Kí ni alágbàfọ̀ mọ̀ tó lè fọ nǹkan, bí kò ṣe ọṣẹ? Ó gé ọṣẹ ìfọṣọ, ó fi rin ẹnu, ó fi fọ ahọ́n, ó ń yọ ìfófòó lẹ́nu.

"Kí ló dé tí ẹnu yín ń rùn ọṣẹ?" ni ìyàwó béèrè nígbà tó jí.

"Eyín ló ń dùn mí."

Kíá, ìyàwó ti gbé omi kaná, ó ti fi iyọ̀ sí i, ó gbé e wá fún un pé kó fi yọ ẹnu. Ó dúró tì í títí ó fi tu ú. Kòsábàwọ́n kò lè wò ó lójú.

Nígbà tí awakọ̀ wá gba jákẹ́ẹ̀tì, ó bọ ọwọ́ sápò. "Bàbá, ẹ ò rí nǹkan kan níbí?"

Ìyàwó ló dáhùn. "Ọmọ mi, bí a bá rí i, wàá bá a lára hángà. Abẹ́rẹ́ gan-an, a kì í mú."

Awakọ̀ rẹ́rìn-ín. "A jẹ́ pé ìyàwó mi ló tún yọ́ ọ mú. Kò fẹ́ kí n máa mu ún." Ó lọ.

Kòsábàwọ́n ń ka bọ́tìnnì ara ṣẹ́ẹ̀tì kan bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́.

Ibo ni kó wá tọ́jú páálí sí? Ibi gbogbo nínú ilé yẹn ni ọwọ́ ìyàwó ń dé: abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yìn ọṣẹ, àpò tirẹ̀ gan-an. Ibì kan ṣoṣo ló kù. Gbogbo alágbàfọ̀ ló ní aṣọ tí olówó rẹ̀ kò wá gbà. Tiwọn wà lórí irin ìgbáṣọkọ́ tó kángun sí ògiri, pẹ̀lú ọ̀rá lórí. Kóòtù dúdú ti aláago wà níbẹ̀, bàbá kan tó ń tún aago ṣe, tó ti gbé e wá tipẹ́ tí a kò tún gbúròó rẹ̀ mọ́. Ìyàwó kì í fọwọ́ kan ìlà yẹn mọ́, nítorí ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀ lórí wọn. Àpò inú kóòtù náà ni Kòsábàwọ́n ti páálí bọ̀, ó sì fa ọ̀rá rẹ̀ wálẹ̀ dáadáa.

Láti ìgbà náà, lójoojúmọ́ ló ń bá kóòtù aláago ṣe ìpàdé. Á yọ ọ̀kan, á gba ẹ̀yìnkùlé jáde, á padà, á fọ ẹnu.

Ìyàwó ní tirẹ̀ ń fi í yangàn káàkiri. "Ẹ wo bàbá wa o! Ó ti já a jù sílẹ̀ pátápátá!" Aránbàtà bọ Kòsábàwọ́n lọ́wọ́ níwájú èrò. Ní alẹ́, ìyàwó á gbé orí lé èjìká rẹ̀.

"Mo rò pé àyà mi ti ń fúyẹ́," ló ń wí. Àyà náà sì ń fọn bó ṣe ń wí i.

Ìgbà méjì ni ẹnu Kòsábàwọ́n là láti sọ ọ́. Ìgbà méjèèjì ló wo bí inú rẹ̀ ṣe dùn, ó sì pa ẹnu dé. Ó ní òun á mu èyí tó kù tán ná. Bó bá tán, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, ta ni ó mọ̀?

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan wọlé, gèlè dúdú lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ wú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Kóòtù bàbá mi ni mo wá gbà. Aláago."

"Aláago wa!" ni ìyàwó wí. "A ti ń retí wọn títí. Ara wọn ńkọ́?"

"Wọ́n ti kú, mà. Àárọ̀ ọ̀la la fẹ́ sin wọ́n. Kóòtù yẹn ni mo fẹ́ kí wọ́n wọ̀ lọ."

Kòsábàwọ́n fò dìde. "Jẹ́ kí n bá ọ—"

"Ẹ jókòó, Bàbá wa, mo ti mú un."

Ìyàwó ti gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì, ó ti ń ká ọ̀rá kúrò lórí rẹ̀, ó ń bá ọmọ náà kẹ́dùn. Ọmọ náà gbé kóòtù mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ.

"Ṣé ẹ mọ ìdí tí wọ́n fi gbé e wá? Ọjọ́ tí wọ́n jáwọ́ nínú sìgá ni. Mo kúnlẹ̀ fún wọn, mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì búra fún mi. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí òórùn rẹ̀ kúrò lára kóòtù, kó má tún máa pe àwọn. Ẹ̀dọ̀fóró wọn ti bàjẹ́ jù, ó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n wọn ò fi kan ẹnu mọ́ títí wọ́n fi kú. Nítorí tèmi. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí dì mú nìyẹn."

Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu àyà kóòtù bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kan nǹkan. Ó bọ ọwọ́ sínú àpò.

Páálí sìgá ló mú jáde. Ó ku mẹ́ta nínú rẹ̀.

Kò pariwo. Ó kàn ń wò ó. "Bàbá mi?" ló wí, bí ẹni pé ọkùnrin náà dúró níbẹ̀. "Ẹ purọ́ fún mi?"

Ìyàwó kò wo páálí. Ọkọ rẹ̀ ló ń wò.

"Bàbá wa," ó wí jẹ́jẹ́, "ṣé ẹ mọ nǹkan kan nípa èyí?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹsẹ̀ kan péré ló kù kó gbé. Ṣùgbọ́n ó rí aránbàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí ojú ìyàwó rẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ yí padà lẹ́nu rẹ̀.

"Àwọn bàbá," ló wí, "wọ́n máa ń gbàgbé nǹkan sínú àpò."

Ọmọ náà gbé páálí kalẹ̀ sórí tábìlì. Ó gbé kóòtù kalẹ̀ tẹ̀lé e. "Ẹ máa mú un," ló wí. "Wọn ò ní wọ̀ ọ́ mọ́." Ó jáde.

Aránbàtà ti yọ́ lọ. Ìyàwó fa àga, ó jókòó.

"Ta ló tú àpò kóòtù yẹn lọ́jọ́ tó wọlé?"

"Ìwọ ni."

"Kí ni mo bá níbẹ̀?"

Kòsábàwọ́n ń wo páálí orí tábìlì.

"Mi ò bá nǹkan kan níbẹ̀. Àpò náà mọ́ féfé." Ó mí, ó tún mí. "Mo kọ́kọ́ rò pé èmi lẹ ṣẹ̀. Ó yẹ kí n mọ̀, ọṣẹ tí ẹ̀ ń jẹ lẹ́nu yẹn. Èmi lè fi tèmi jìn yín. Ṣùgbọ́n ẹ mú ẹ̀ṣẹ̀ yín, ẹ fi wọ òkú láṣọ. Òkú kò sì lọ́wọ́ tó fi máa bọ́ ọ."

"Màá lọ sọ fún un."

"Nígbà wo?"

"Láàárọ̀ ọ̀la. Kí wọ́n tó gbé wọn jáde."

Àárọ̀ mọ́. Ó wọ aṣọ tó mọ́, ó ká kóòtù sápá, ó ti páálí bọ àpò láti fi ṣe ẹ̀rí. Ilé aláago kò jìnnà, òpópó kan péré ni. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń sún mọ́ ọn, ó ń dín ìrìn kù. Gbogbo ẹbí ni á wà níbẹ̀. Báwo ni ẹnu á ṣe gbà á?

Àlejò dé. Ó sì fún un ní àga.

Ó fara ti ògiri kan, ó tan ọ̀kan láti fi ki ara rẹ̀ láyà. Ó fi ìdí rẹ̀ tan èkejì. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí mọ́tò òkú dúdú gbọọrọ kan yọ láti igun òpópó, tí àwọn mọ́tò mìíràn ń tẹ̀lé e jẹ́jẹ́. Ó rí ọmọbìnrin náà nínú èyí tó tẹ̀lé e, ojú rẹ̀ gbẹ, ó ń wo iwájú. Kòsábàwọ́n gbé sìgá pa mọ́ sẹ́yìn. Iná rẹ̀ jó o lọ́wọ́. Wọ́n kọjá lọ.

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé aláago títí wọ́n fi ti ibi ìsìnkú dé. Níwájú gbogbo wọn ló ti dọ̀bálẹ̀, arúgbó bí i tirẹ̀, fún ọmọ tó lè bí.

"Ọmọ mi, èmi ni mo ni sìgá yẹn. Èmi ni mo tọ́jú rẹ̀ sínú kóòtù bàbá rẹ, kí ìyàwó mi má baà rí i. Bàbá rẹ kò mu ún."

Ọmọ náà gbé e dìde. Àánú ló wà lójú rẹ̀. "Ẹ ṣé, bàbá. Ènìyàn rere ni yín. Ẹ fẹ́ tù mí nínú ni. Ẹ máa lọ sílé."

Kò gbà á gbọ́! Ọ̀rọ̀ òtítọ́ àkọ́kọ́ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde láti ọjọ́ tó ti mú páálí yẹn, ó dà bí irọ́ onínúure.

"Gbóòórùn ẹnu mi," ni Kòsábàwọ́n wí. Ó na ọrùn, ó la ẹnu bí ọmọdé lọ́dọ̀ dókítà. Ẹbí ń wò ó. Ó sì mí sí i lójú.

Ọmọ náà fà sẹ́yìn.

"Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ ìkẹyìn létí sàréè," ló wí nígbẹ̀yìn. "Gbogbo àwọn àbúrò mi sọ̀rọ̀. Mo ní èmi ò ní ọ̀rọ̀ kankan tí mo fẹ́ bá òpùrọ́ sọ." Ó gba kóòtù lápá rẹ̀. "Lánàá, tí mo ń bá bàbá mi wí níwájú yín, ẹ̀ ń wò mí."

"Mò ń wò ọ́."

"Ẹ máa lọ."

Nígbà tó délé, áyọ́ọ̀nù ti tutù. Ìyàwó wà lórí àga pẹ̀lú báàgì lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọmọ wọn ń bọ̀ wá mú un. Kòsábàwọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ohunkóhun pa mọ́, títí dórí méjì tó mu lẹ́bàá ògiri. Ìyàwó gbọ́ ọ tán.

"Ó dára tí ẹ sọ ọ́," ló wí. Ó sì lọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, kì í ṣe ẹni tó ṣubú ni mò ń bá wí. Àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn yọ̀ bí ilẹ̀ tí ọṣẹ dà sí. Bí ẹ bá ṣubú, ẹ ké! Ẹ sọ fún ẹni tó ń po jíńjà fún yín pé, "Mo ti mu ún o." Ojú á tì yín, ṣùgbọ́n ojú títì kì í pa ènìyàn. Ohun tí Kòsábàwọ́n ń gbé kiri báyìí, ìyẹn ló ń pa á.

Òun ló ń fọṣọ báyìí, òun náà ló ń lọ ọ́. Kò mu sìgá mọ́. Àlejò náà ṣì ń wá bá a, pàápàá bí omi bá ń kán láti etí aṣọ. Kòsábàwọ́n á mí kanlẹ̀, á fọ aṣọ ìnujú, àlejò á lọ. Kò sẹ́ni tó ń dì í lọ́wọ́ mú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsinmi, á pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù. Àyà ìyàwó ti ń rọrùn lọ́dọ̀ ọmọ wọn. Ó ń gbọ́ bó ṣe ń mí geere. Wọ́n á sọ ti ọmọ, wọ́n á sọ ti ọmọ-ọmọ. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó gbé fóònù sílẹ̀, ìyàwó á béèrè.

"Ẹ ò mu ún?"

"Mi ò mu ún."

Ìyàwó á mí, á tún mí.

"Mo gbọ́," á wí. "Ó dàárọ̀ o."